Sìdíkátù Ẹlẹ́wà àti Owó Tí Kò Jẹ́ Kó Kọjá Ọwọ́ Rẹ̀

Bí ẹ bá dé ọjà Shasha, tí ẹ ní kí wọ́n júwe ìsọ̀ Ìyá Hamdalah ẹlẹ́wà fún yín, ẹni tí ẹ bi kò ní nàka lásán. Yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, yóò gbọn aṣọ ara rẹ̀, yóò wá sọ fún yín bíi pé àbúrò ìyá òun ni obìnrin náà, "Ìyá wa lẹ ń béèrè yẹn. Ẹ máa bọ̀, kí n mú yín débẹ̀." Ẹ sì mọ̀ pé ará ọjà kì í déédéé fẹnu kò sórí ẹnìkan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bá ara wọn jà lórí àyè, lórí oníbàárà, lórí omi ìdọ̀tí tí ẹnìkan dà sí ẹsẹ̀ ìsọ̀ ẹnìkejì. Kí gbogbo wọn tó máa fi èèyàn kan yangàn, ó ní ohun tí onítọ̀hún ṣe.

Sìdíkátù ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àmúsà, káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìgandò, ló fẹ́ ẹ wá sí Èkó. Hamdalah ni àkọ́bí wọn, àbúrò méjì sì tẹ̀lé e. Ẹ̀wà ni Sìdíkátù ń tà: olóyin, funfun, àti èyí tó pupa tí àwọn alákàrà kì í fẹ́ rí. Ó ń ta àpò, ó ń ta kóńgò. Nínú ọjà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi òòlù lu ìdí kóńgò wọnú kó má baà gba ẹ̀wà púpọ̀, kóńgò Sìdíkátù dúró bí wọ́n ṣe rọ ọ́. Bí ẹnìkan bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyẹn ni kò jẹ́ kó tètè lówó, a ní, "Ọmọ tí bàbá mi bí kì í jẹun nídìí kóńgò." Ó máa ń sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà.

Nínú ààwẹ̀ Ramadan ọdún 2009 ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Òjò ti pa ọjà láti àárọ̀, ẹrẹ̀ gba gbogbo ilẹ̀, ìṣínu sì ti kù díẹ̀, oníkálukú ń palẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan yà sí ìsọ̀ Sìdíkátù. Kàftáánì funfun ló wọ̀, ó fi fìlà sórí, ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn ẹni tó ń gba àdúrà.

"Àlhájà, ẹ kú ààwẹ̀ o. Ẹ̀wà àpò mẹ́ta ni mo fẹ́. Mo fẹ́ fi ṣe sàárà fún àwọn aláìní kí ọdún tó dé."

Inú Sìdíkátù dùn. Kò tíì lọ sí Mẹ́kà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Àlhájà yẹn dùn mọ́ ọn, ọjà sì kú láti àárọ̀. Ọkùnrin náà kò ná ọjà. Iye tí Sìdíkátù kọ́kọ́ dá lé e ló san, gbogbo rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan náírà, owó tuntun tó le gbagidi. Bí obìnrin náà ṣe ń kà á, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń kán an lójú: "Àlhájà, ẹ má jẹ́ kí ìṣínu ká mi mọ́ ọ̀nà o." Àwọn alábàárù gbé àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ọkọ̀ tó gbé wá, ọkọ̀ náà lọ. Sìdíkátù ṣe àdúrà fún un lẹ́yìn pé kí Ọlọ́run gba sàárà rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tó ṣe àlùwàlá tán, omi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó fa owó náà yọ láti tò ó, torí ó fẹ́ lọ san owó ẹ̀wà fún àlhájì tó ń kó ẹ̀wà wá fún un láti òkè ọya. Ó ka bíi mẹ́ta, ó rí i pé àtàǹpàkò òun ti yí àwọ̀ padà. Ó nù ún mọ́ ìró, ìró náà gba àwọ̀. Ó tún wo owó náà, ibi tí omi kàn lójú rẹ̀ ti ṣá bátabàta.

Ó lọ mú ẹgbẹ̀rún náírà kan tó ti wà nínú àpótí rẹ̀ tipẹ́, ó fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Owó gidi ń ha ìka díẹ̀ níbi tí wọ́n kọ̀wé sí. Èyí ń yọ̀ bí ìwé ọmọ ilé-ìwé. Ó gbé méjèèjì sókè sí gílóòbù. Nínú ti gidi, àwòrán orí èèyàn yọ wẹ́rẹ́ láti inú ìwé náà. Nínú èyí, òfìfo. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wà nínú owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n yà á sójú rẹ̀ ni. Ó ṣa gbogbo owó náà bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Nígbà tó ṣà á tán, èyí tó dára kò tó ìdajì.

Àmúsà ti mọ́sálásí dé, ó bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó jókòó ti owó náà.

"Ìyá Hamdalah, kí ló dé?"

"Bàbá Hamdalah, ẹ wo ọwọ́ mi."

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo owó tó wà nílẹ̀. "Ta ló fún ẹ?"

"Ẹni tó fẹ́ ṣe sàárà ni."

Àmúsà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò bú u, kò béèrè pé ojú rẹ̀ dà nígbà tó ń gbà á. Ó kàn jókòó tì í, ó ní, "Ó ti ṣẹlẹ̀ ná. Ohun tí a máa ṣe ló kù."

Nígbà tí Sìdíkátù dé ọjà, ó sọ fún Matilda tí ìsọ̀ wọn jọ fara kan ara wọn. Ìrẹsì ni Matilda ń tà. Ọmọ onílẹ̀ ni ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó ju Sìdíkátù lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n bí ọmọ Sìdíkátù bá ń ṣàìsàn, òun ló máa ń bá a dúró ti ọjà. Matilda kò tilẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Ìyẹn lo wá ń tìtorí ẹ̀ fajú ro? Wọ́n gbá ẹ, ìwọ náà gbá ẹlòmíràn. Àbí ìwọ lo tẹ̀ ẹ́? Fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sáàárín owó gidi. Fún konda ọkọ̀ láàárọ̀, fún alágbàdo nírọ̀lẹ́ tí ojú kò ríran dáadáa. Kó tó di oṣù tó ń bọ̀, ó ti tán lọ́wọ́ ẹ."

"Alágbàdo tí gbogbo ọjà iwájú ẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún kan, Àǹtí Matilda? Bí mo bá fún un nírú owó yìí, tó ka ṣéńjì gidi fún mi, mo ti jẹ àgbàdo ẹ̀, mo tún ti kó owó ẹ̀ lọ."

"Ẹ gbà mí o! Owó ilé-ìwé Hamdalah ńkọ́? Owó àlhájì ńkọ́? Ṣé alágbàdo ló máa bá ẹ san án?"

Sìdíkátù padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Kì í ṣe pé ìmọ̀ràn náà kò wọ̀ ọ́ létí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bó ṣe ń lọ sílé, ó dúró níwájú alágbàdo kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú pọ́ọ̀sì. Obìnrin náà ti dàgbà, èéfín ti pọ́n ọn lójú, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ páálí fẹ́ná. "Ìyàwó, mélòó ni kí n bá ẹ dì?" ló ń bi í. Sìdíkátù wo ojú tó pọ́n yẹn. Ó fa owó kékeré tó mọ́ yọ, ó ra méjì, ó sì ń bínú lọ sílé: ó ń bínú sí ọlọ́kàftáánì, ó ń bínú sí Matilda, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ pé òun tilẹ̀ dúró níbẹ̀.

Nígbà tó dé ilé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé báńkì lòun máa kó owó náà lọ.

"Ṣé o mọ̀ pé wọn ò ní fún ẹ ní òmíràn?" ni Àmúsà wí.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló dé, kò gbọdọ̀ tọwọ́ mi dé ọwọ́ ẹlòmíràn."

"Wọ́n ní ẹni tó bá kó o lọ, ọlọ́pàá ló máa ń mú un jáde. Jẹ́ kí n sìn ẹ́ lọ."

"Rárá o. Bí àwa méjèèjì bá wọ àtìmọ́lé, ta ni yóò wá gbà wá sílẹ̀?"

Láti àárọ̀ wọn kò tíì rẹ́rìn-ín pọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Báńkì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ló lọ. Ó wé gèlè, ó wọ bàtà tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìkómọ, torí ó ní bí wọ́n bá máa mú òun, kí wọ́n mú òun bí ọmọlúàbí. Nígbà tó kàn án ní kàúńtà, kò sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó jí nǹkan. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ayédèrú owó ni wọ́n fún mi lọ́jà, mo kó o wá fún yín." Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ sún kúrò lẹ́yìn rẹ̀ bíi pé ó ní àìsàn tó ń ranni. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yíjú padà. Sìdíkátù kò kúrò níbi tó dúró sí.

Obìnrin kan jáde láti inú ọ́fíìsì, Adébùnmí lorúkọ rẹ̀, ó ní kó máa bọ̀. Ó fi ìjókòó lọ̀ ọ́, ó fún un ní omi, ó rántí pé ààwẹ̀ ni, ó tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà ó fi owó náà sábẹ́ ẹ̀rọ, iná aláwọ̀ àlùkò tàn sí i. Ó mi orí.

"Mà, ìwọ̀nba èèyàn ló ń ṣe irú ohun tí ẹ ṣe yìí."

"Ṣé ẹ máa pe ọlọ́pàá sí mi?"

"Fún kí ni? Ẹni tó gbà á láìmọ̀ kò jẹ̀bi. Ẹni tó ti mọ̀, tó tún ná an, òun lòfin ń wá, ẹ̀wọ̀n sì ni. Ohun tó dáa lẹ ṣe. Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún yín, Mà, a ò lè fi owó gidi rọ́pò rẹ̀. Ó ti sọnù nìyẹn."

Sìdíkátù ti mọ̀ kó tó kúrò nílé, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà gbóná lára rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Ó fọwọ́ tún gèlè rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tí Adébùnmí kò retí.

"Ẹ̀yin ní ẹ̀rọ. Àwa tí a wà nínú ẹrẹ̀ ní Shasha ńkọ́? Báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n?"

Adébùnmí sún mọ́ ọn. Ó kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí ó mọ̀: bí wọ́n ṣe ń fi ìka pa ojú owó kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n nípa híha, bí wọ́n ṣe ń gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ wá àwòrán inú ìwé àti okùn tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó ní bí ẹni tó fúnni ṣì dúró níbẹ̀, kí èèyàn má gbà á, kó fohùn tútù sọ pé kó fún òun ní òmíràn. Bó bá ti lọ, kí èèyàn gbìyànjú rántí ojú rẹ̀, aṣọ rẹ̀, ọkọ̀ tó gbé wá. Kí wọ́n má fa owó náà ya, kí wọ́n má sun ún, kí wọ́n kó o wá sí báńkì tàbí kí wọ́n kó o fún ọlọ́pàá, torí ẹ̀rí ni. Sìdíkátù ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Nígbà tó jáde, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ṣùgbọ́n àwọn tó sún kúrò lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ń wò ó bó ṣe ń rìn lọ, ó sì mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Kò tẹríba.

Fírísà tó fi ń ta omi tútù nílé ló tà láti fi san owó àlhájì. Hamdalah pẹ́ kó tó padà sílé-ìwé ní sáà yẹn. Kò sí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà sọ ọ́ tí kò fi ní dùn ún.

Nígbà tí àwọn obìnrin ọjà ṣe ìpàdé lẹ́yìn ọdún ààwẹ̀, ó dìde, ó bẹ Ìyálọ́jà pé kó jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. Ó mú ẹgbẹ̀rún náírà gidi kan dání, ó ní kí olúkúlùkù fọwọ́ pa á, kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n wò ó. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i láìbo ara rẹ̀ láṣìírí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Báńkì. Matilda ló rẹ́rìn-ín jù. Ṣùgbọ́n ó di pé bí ẹnikẹ́ni bá mú owó ńlá wá sí ìsọ̀ ìrẹsì, Matilda á gbé e sókè sí oòrùn, á ní, "Jẹ́ n bi Ìyá Báńkì ná." Díẹ̀díẹ̀ ó di àṣà gbogbo ìlà náà. Àwọn oníjìbìtì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún wọn. Bí Sìdíkátù bá ń lọ láàárín ọjà, tó rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń gbé owó sókè sí ìmọ́lẹ̀, ọkàn rẹ̀ a máa ga sókè bí ẹni tó gbin igi tí igi náà sì so.

Igi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ so èso kíkorò. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Kérésìmesì ọdún tó tẹ̀lé e dé, ọyẹ́ ń fẹ́, èrò kún ọjà fọ́fọ́. Sìdíkátù ń wọn ẹ̀wà fún oníbàárà kan nígbà tó gbọ́ ohùn Matilda.

"Owó féèkì! Ẹ gbà mí o, owó féèkì ló fún mi! Olè!"

Kó tó gbójú sókè, àwọn alábàárù ti bo ọkùnrin kan. Wọ́n ti fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya. Ẹ̀jẹ̀ ń ti ojú rẹ̀ bọ̀. Ẹnìkan ti ń yí táyà bọ̀ láti ọ̀dọ̀ fọganáísà, ẹlòmíràn ń kígbe pé ta ló ní pẹtiróòlù. Fawas, olórí àwọn alábàárù, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan, ti gbé pákó sókè. Gbogbo ohùn ọjà ti di ohùn kan: "Ẹ sun ún!"

Ohun kan ṣoṣo ló wá sọ́kàn Sìdíkátù: èmi ni mo kọ́ wọn. Mo kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń mọ owó, mi ò kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń mọ èèyàn.

Ó ju kóńgò sílẹ̀, ó sáré. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ la èrò, ó wọ àárín wọn, ó sì wó lu ọkùnrin náà gan-an nígbà tí pákó Fawas ń bọ̀. Èjìká rẹ̀ òsì ni pákó náà bà. Ó gbọ́ bí egungun rẹ̀ ṣe dún. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó tún là.

"Yéè! Ìyá Báńkì ni!" Fawas ju pákó nù.

"Ẹ kúrò lórí ẹ̀ jàre, Ìyá!" làwọn tó wà lẹ́yìn ń kígbe. "Olówó féèkì ni! Ẹ jẹ́ ká parí iṣẹ́ wa!"

Sìdíkátù dìde díẹ̀díẹ̀. Kò kúrò níwájú ọkùnrin náà. Apá rẹ̀ kan ti rọ, ó fi èkejì dì í mú.

"Bó bá jẹ́ pé iná lẹ fẹ́ fi sun ẹni tí ayédèrú owó wà lọ́wọ́ ẹ̀, èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sun," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, àwọn tó wà nítòsí ní láti dákẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ọ. "Ó wà lọ́wọ́ tèmi náà lọ́dún tó kọjá, gbogbo yín lẹ mọ̀. Ká ní mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn láìmọ̀, èmi lẹ bá fi táyà sí lọ́rùn, èmi Sìdíkátù, tí ẹ jọ ń jẹun. Ṣé ẹ ti bi í pé níbo ló ti rí i?"

Ó yíjú sí ọkùnrin náà. "Bàbá, kí lorúkọ yín? Ta ló fún yín lówó yìí?"

Ọkùnrin náà nu ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀. Ọlọ́runṣògo lorúkọ rẹ̀, Ìjẹ̀gùn ló ń gbé, ọ̀kadà ló ń gùn. Ó ní ìyàwó òun bímọ, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, gbèsè ọsibítù wà lọ́rùn òun, òun sì ta ọ̀kadà òun lánàá fún ẹnìkan tó sanwó lójú ẹsẹ̀. Lọ́la ni wọ́n máa sọ ọmọ lórúkọ. Ìrẹsì ìkómọ lòun wá rà. "Ọ̀kadà mi ni," ló ń sọ léraléra. "Ọ̀kadà mi ni mo tà o. Òun ni mo fi ń jẹun."

"Irọ́ ni!" lẹnìkan ké láti ẹ̀yìn.

Sìdíkátù kò wo ẹ̀yìn. Matilda ló wò. "Àǹtí Matilda, ẹ̀yin lẹ tà fún un. Ṣé ó ná ọjà?"

Matilda ṣì di owó náà mú lọ́wọ́. Ó ronú. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

"Ó ná an," ló wí. "Ó ná an títí tó fi sú mi. Ogún náírà ló ń bẹ̀ mí pé kí n yọ kúrò lórí kóńgò kan."

"Ẹni tó mọ̀ pé ìwé lásán lòun fẹ́ fi sanwó, ṣé yóò máa bẹ̀bẹ̀ lórí ogún náírà? Ẹni tó gbá mi kò ná ọjà rárá."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n. Èèyàn lè rí i bó ṣe ń ti ojú ẹnìkan bọ́ sí ojú ẹnìkejì. Lẹ́yìn náà ni Matilda ṣe ohun tí Sìdíkátù ní títí òun ó fi kú òun kò ní gbàgbé. Ó la èrò kọjá, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kọjú sí gbogbo wọn, ó ní, "Èmi Matilda, èmi ni mo ní kí Ìyá Hamdalah ná tiẹ̀ lọ́jọ́sí. Kò gbà. Ká ní ó gbọ́ tèmi ni, bóyá ọwọ́ ọlọ́mọ tuntun bí ọkùnrin yìí ni ìbá dé. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, kó gba ọ̀dọ̀ mi kọjá." Matilda kì í ṣe obìnrin kékeré. Ẹni tó ń yí táyà bọ̀ yí i padà.

Ìyálọ́jà dé, ó ní kí wọ́n jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹnikẹ́ni má tọ́ ọkùnrin náà. Sìdíkátù kò gbà kí wọ́n gbé òun lọ sọ́sibítù kí wọ́n tó débẹ̀. Ó ní bí òun bá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí lójú ọ̀nà, òun kò mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Apá rẹ̀ ń ro ó dé ọkàn, ó sì ń rìn. Sájẹ́ǹtì Ọláníyan ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ó gba owó náà, ó gba ohun tí Ọlọ́runṣògo mọ̀ nípa ẹni tó ra ọ̀kadà, ó sì gba nọ́ńbà ọ̀kadà náà, èyí tí ọlọ́kadà kan kì í gbàgbé láé. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe gbogbo ìyẹn ni Matilda tó fipá fa Sìdíkátù dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n sì so apá rẹ̀ kọ́ ọrùn.

Lọ́jọ́ kejì, ìkómọ wáyé ní Ìjẹ̀gùn. Ìsọ̀ Matilda ni ìrẹsì ti wá, ti Sìdíkátù ni ẹ̀wà ti wá, àwọn onítòmátì àti alálùbọ́sà fi tiwọn kún un. Fawas ló rù ú lọ, kò gba kọ́bọ̀, kò sì lè wo ojú Ọlọ́runṣògo fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó wò ó tán, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú yanrìn níwájú gbogbo èrò. Ọlọ́runṣògo, tí ojú rẹ̀ wú, ló fà á dìde. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì lè rìn dáadáa. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ náà fún Sìdíkátù, wọ́n sì gbé e sí apá rẹ̀ kan tó dá. Obìnrin náà ní, "Mà, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó ní bàbá." Sìdíkátù tó dúró níwájú táyà tí kò sunkún, ibẹ̀ ló ti sunkún.

Ọlọ́pàá rí ọ̀kadà náà ní ibùdókọ̀ Pleasure, lọ́wọ́ ẹnìkan tó ti rà á ní owó pọ́ọ́kú. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ipa dé yàrá kan tí ọkùnrin méjì ti ń gbé pẹ̀lú ìdì ayédèrú owó. Wọ́n pe Sìdíkátù kó wá wò wọ́n bóyá ọlọ́kàftáánì ìjọ́sí wà nínú wọn. Ó wo ọ̀kan nínú wọn pẹ́. Ohùn rẹ̀ jọ ọ́, ìdúró rẹ̀ jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni lọ́jọ́ yẹn, fìlà sì wà lórí onítọ̀hún. Sájẹ́ǹtì Ọláníyan ní kó sọ ọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Kò dá mi lójú," ló wí. "Mi ò ní torí ẹ̀wà mi fi ohun tí kò dá mi lójú há èèyàn."

Owó tirẹ̀ kò padà wá. Ọlọ́runṣògo gba ọ̀kadà rẹ̀ nígbà tí ilé-ẹjọ́ yọ̀ǹda rẹ̀. Òun ló ń gbé Hamdalah lọ sílé-ìwé tó ń gbé e bọ̀ ní gbogbo ọdún tó lò kẹ́yìn níbẹ̀, bí wọ́n sì ṣe bẹ̀ ẹ́ tó, kò gba owó.

Èjìká Sìdíkátù jiná, ṣùgbọ́n kò lè gbé àpò mọ́, àwọn alábàárù ló ń bá a gbé e. Àwọn ẹlẹ́wà fi í ṣe olórí wọn. Nígbà tí Ìyálọ́jà fi í jẹ oyè náà, ohun tó béèrè fún kò ju pé kí wọ́n má ṣe sun ẹnikẹ́ni ní ọjà Shasha mọ́, ohun yòówù kó ṣe, àgọ́ ọlọ́pàá ni kí wọ́n mú un lọ. Wọ́n búra fún un.

Ní ti Àmúsà tí kì í sọ̀rọ̀, ó ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. Bí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìgandò, tó wá bi í pé, "Ṣé ìwọ lọkọ obìnrin Shasha yẹn?", yóò gbé ayùn kalẹ̀, yóò fa àga fún onítọ̀hún, yóò sì rọra bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti orí ọwọ́ tó gba àwọ̀ owó. Ó ní òun ti kan àga àti bẹ́ẹ̀dì fún ìdajì Alimosho, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ń pe òun nísinsìnyí, ọkọ obìnrin Shasha, kò sí igi tí òun lè fi gbẹ́ irú rẹ̀.